Ṣọ́jà Ẹlẹ́sẹ̀ Ogun Hítílà: Láti Ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ dé Igbó Bọ́mà

Ṣọ́jà ẹlẹ́sẹ̀ ni ọmọ ogun tó ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ojú ìjà, tó ń gbé ìbọn, ọta, omi àti oúnjẹ rẹ̀ sára, tó sì ń bá ọ̀tá pàdé lójúkojú. Àwọn mìíràn wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun tí wọ́n ń wa ọkọ̀, tí wọ́n ń yin àgbá láti òkèèrè, tí wọ́n ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì tàbí tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn. Iṣẹ́ gbogbo wọn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbẹ́ kòtò sórí rẹ̀, òun náà ló sì ń sùn síbẹ̀. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hítílà, nǹkan bí 100,000 ọmọ Nàìjíríà ló wọṣẹ́ ológun lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Púpọ̀ nínú wọn kò ní oyè kankan títí ogun fi parí. Àwọn ọmọ ogun lásán wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, pàápàá àwọn tó ti ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ wá.

Ìlémọnà, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní Ìpínlẹ̀ Kwara, wà nítòsí Ọ̀fà, láàárín àwọn ìlú Yorùbá tí à ń pè ní Ìbọ̀lọ́, bí Èrìn-Ilé, Ìpéé, Ìjàgbó, Òjòkú àti Ìgósùn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ jù láyé ìgbà náà. Lásìkò ogun, abẹ́ Ẹkùn Ìlọrin ni gbogbo àwọn ìlú yìí wà, Ẹkùn Ìlọrin sì jẹ́ ara Àríwá Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ààlà yìí ní ọwọ́ nínú irú ṣọ́jà tí ọmọ Ìbọ̀lọ́ lè jẹ́. Àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà lọ́kàn ara wọn pé ará Àríwá ló yẹ fún ìbọn, àti pé ará Gúúsù tó ti lọ sí ilé ìwé ló yẹ fún ìwé kíkọ, ọkọ̀ wíwà àti iṣẹ́ ọsibítù. Èrò yìí kò ní ìpìlẹ̀ tó dára, nítorí kò sí ẹ̀yà tí Ọlọ́run dá fún ìbọn nìkan. Síbẹ̀, òun ni wọ́n fi pín àwọn ènìyàn. Ọ̀dọ́ Yorùbá láti Ìlémọnà tàbí Ọ̀fà, tí kò mọ̀wé, tí ara rẹ̀ sì le láti oko, àárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń tètè rí i sí.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó gbà wọ́n kì í ṣe tuntun. Láti 1897 ni Frederick Lugard ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú jọ lórúkọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Jẹ́bbà tó wà létí odò Ọya sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibùdó wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Haúsá, Yorùbá àti Nupe pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí wọ́n da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, wọ́n da àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ náà pọ̀, wọ́n sì pè wọ́n ní Nigeria Regiment. Wọ́n jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916, wọ́n sì jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn ìyẹn. Ní Mahiwa, ní ilẹ̀ Tanzania òde òní, ìjà oṣù kẹwàá ọdún 1917 pa púpọ̀ nínú wọn.

Ìtàn Chari Maigumeri fi hàn bí ayé irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ṣe lè yí padà. Ará Borno ni. Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ jà fún ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Iron Cross. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì mú un, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Military Medal lọ́wọ́ àwọn yẹn náà nínú ogun Hítílà. Nígbà tó fẹ̀yìntì ní 1953, wọ́n fún un ní oyè kápítéènì fún ọlá. Ẹni tó sin ọ̀gá méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jà, tí àwọn méjèèjì sì yìn ín, kò wọ́pọ̀ níbikíbi láyé.

Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun lórí Jámánì ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939. Láti ìgbà náà lọ, àwọn agbaniṣíṣẹ́ ológun ń káàkiri àwọn ìlú. Ìdí tí ọ̀dọ́ fi ń wọṣẹ́ pọ̀. Àwọn kan fẹ́ owó oṣù, nítorí owó orí kì í dúró de ìkórè. Àwọn kan fẹ́ rí ayé, àwọn kan sì fẹ́ sá fún ìjà ilé tàbí ìgbéyàwó tí wọn kò fẹ́. Àwọn mìíràn kò yàn án rárá: ajẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí ọba, ọba ránṣẹ́ sí baálẹ̀, baálẹ̀ sì ní láti wá iye ènìyàn tí wọ́n béèrè. Nírú ipò bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹni tí kò ní alágbàsọ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìjọba pè wọ́n ní olùfarajìn lápapọ̀. Ó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn pé orúkọ yẹn kò bá gbogbo wọn mu.

Ọ̀fà ni ibi tí ìrìn àjò ti rọrùn jù fún ará agbègbè yìí. Ọ̀nà ojú irin láti Èkó ti dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, Ọ̀fà sì wà lójú ọ̀nà. Láti ibùdókọ̀ Ọ̀fà, rélùwéè lè gbé ọ̀dọ́ lọ sí Kàdúná àti Zaria níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, òun náà ló sì lè gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó níbi tí ọkọ̀ òkun wà. Dókítà yẹ ara rẹ̀ wò: àyà, eyín, ojú, ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé fi àtàǹpàkò tẹ ìwé. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn ni yóò sì máa jẹ́ títí yóò fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Akọ̀wé tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lè má gbọ́ Yorùbá. Nítorí náà ni orúkọ ìlú fi di orúkọ bàbá nínú ọ̀pọ̀ ìwé ológun. Ṣọ́jà tó bá jẹ́ Àjàyí tó wá láti Ọ̀fà lè di Ajayi Offa lójú ìwé, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìran rẹ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́ gbọ́dọ̀ rántí èyí.

Èdè Haúsá ni wọ́n ń fi pàṣẹ jù lọ nínú bárékè, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì díẹ̀. Ọmọ Ìbọ̀lọ́ tí kò gbọ́ Haúsá rí nílé kọ́ ọ lẹ́nu oṣù mélòó kan, nítorí ẹni tí kò gbọ́ àṣẹ kò ní pẹ́ jẹ̀yà. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń rìn ní ìlà, bí a ṣe ń tú ìbọn palẹ̀ kí a sì tò ó padà lójú òkùnkùn. Bàtà fún ọ̀pọ̀ wọn ní wàhálà. Ṣáájú ogun, ẹsẹ̀ lásán ni ṣọ́jà Nàìjíríà fi ń rìn, ó sì pẹ́ kí àwọn ọ̀gá tó gbà pé ó yẹ kí wọ́n wọ bàtà. Igbó Bọ́mà, pẹ̀lú eṣúṣu tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti ẹrẹ̀ rẹ̀, ló sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó lọ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò tí ì wọ bàtà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i máa ń fẹ̀ níwájú. Bàtà tó bá a mu ní gígùn lè há mọ́ ọn ní ìbú, ìrìn máìlì díẹ̀ sì ti tó láti bó awọ ẹsẹ̀.

Ogun tí wọ́n kọ́kọ́ lọ jà kì í ṣe ti Jàpáànì. Ítálì ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Bàtálíọ̀nù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti Nàìjíríà wọ Kẹ́ńyà ní 1940, wọ́n kọjá aṣálẹ̀ lọ sí Sòmálíà, wọ́n sì wọ Mogadishu ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1941. Láti ibẹ̀ wọ́n gun òkè lọ sí Etiópíà, wọ́n borí ní ọ̀nà Marda, Harar sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní òpin oṣù kẹta. Ìyára ìrìn yẹn ya ọ̀pọ̀ ọ̀gá lẹ́nu, nítorí máìlì rẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, oòrùn sì mú.

Jàpáànì ti gba Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942. Kí wọ́n lè gbà á padà, ìjọba dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Dìfíṣọ̀n 81 ní oṣù kẹta ọdún 1943, àti Dìfíṣọ̀n 82 ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Nàìjíríà, Gold Coast (Ghana òde òní), Sierra Leone àti Gambia ni àwọn ọmọ ogun náà ti wá. Nínú àwọn bàtálíọ̀nù ẹlẹ́sẹ̀ dìfíṣọ̀n méjèèjì, ti Nàìjíríà ló pọ̀ jù. Dìfíṣọ̀n 81 mú aláǹtakùn ṣe àmì apá aṣọ wọn, nítorí ọgbọ́n rẹ̀ nínú àwọn àlọ́ Gold Coast. Dìfíṣọ̀n 82 mú ọ̀kọ̀ méjì tí wọ́n gbé dábùú ara wọn, tí wọ́n gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká yẹn, aṣọ tí alárù máa ń ká sórí kí ẹrù tó débẹ̀, sọ òtítọ́ nípa ogun náà ju ọ̀kọ̀ lọ.

Ìrìn àjò ojú omi gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ yí gúúsù Áfíríkà po, ó sì kọjá òkun ńlá lọ sí Íńdíà. Abẹ́ ọkọ̀ ni àwọn ṣọ́jà ń sùn, wọ́n há mọ́ ara wọn, ìbẹ̀rù ọkọ̀ abẹ́ omi ọ̀tá kò sì jẹ́ kí wọ́n tan iná lálẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí òkun rí kí wọ́n tó dé Èkó.

Ibi tí Dìfíṣọ̀n 81 ti jà ni àfonífojì odò Kaladan ní Arakan, ní ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tó wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ni wọ́n la ọ̀nà kan tó gùn tó máìlì 75 láti Chiringa gba orí òkè lọ sí Daletme. Ọkọ́, ṣọ́bìrì àti àdá ni wọ́n fi ṣe é, ó sì parí ní oṣù kìíní ọdún 1944. Àwọn ọ̀gá pè é ní West African Way. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ yẹn yẹ bí ọmọ àgbẹ̀. Àdá wà lára ohun ìjà tí wọ́n fún ṣọ́jà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú ìbọn Lee-Enfield, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn àti bọ́ǹbù ọwọ́. Ẹni tó ti fi àdá ṣán oko láti kékeré mọ bí a ṣe ń di ọwọ́ rẹ̀ mú tí kò fi ní bó, ó mọ igun tí a fi ń gé ọparun kó tó wó, ó sì mọ bí a ṣe ń pọ́n ọn lára òkúta nígbà tí kò bá sí fáìlì. Ohun tí àwọn ṣọ́jà òyìnbó fi oṣù púpọ̀ kọ́, àwọn yìí mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó wọ aṣọ ológun.

Lẹ́yìn Daletme, kò sí ọ̀nà mọ́. Láti òfuurufú ni gbogbo oúnjẹ, ọta àti oògùn ti ń wá. Ọkọ̀ òfuurufú Dakota á fò kọjá, á sì ju àpò àti àpótí sílẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn. Kò sí dìfíṣọ̀n tó ti gbẹ́kẹ̀ lé òfuurufú pátápátá bẹ́ẹ̀ rí fún ogun tó pẹ́ tó yẹn. Nígbà tí ẹrù bá balẹ̀, orí ènìyàn ló ń gbé e kiri. Àwọn alárù tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ń ru ọta mọ́tà, ìrẹsì, wáyà àti àwọn tí ìbọn ti ṣe léṣe. Wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń wọ odò tí omi rẹ̀ mu wọ́n dé àyà. Ọ̀tá tó bá lúgọ máa ń yìnbọn lù wọ́n bí ó ti ń yìnbọn lu ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn òyìnbó kọ nípa Bọ́mà kò ní ju ojú ìwé méjì mẹ́ta lọ fún wọn, èyí sì jẹ́ àṣìṣe ńlá: bí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀, ogun dúró nìyẹn.

Ọjọ́ ṣọ́jà ẹlẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìdájí, gbogbo ènìyàn á wọ inú kòtò rẹ̀, á kọjú ìbọn síta, á sì dákẹ́, nítorí àsìkò yẹn ni ọ̀tá fẹ́ràn láti kọlù. Bí ilẹ̀ bá mọ́ láìséwu, wọ́n á se tíì, wọ́n á jẹ bisikíìtì tàbí ìrẹsì pẹ̀lú ẹran inú agolo. Àwọn mélòó kan á jáde lọ wá ibi tí ọ̀tá wà. Wọ́n á rìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà tóóró, ẹni iwájú á máa wo ilẹ̀ bóyá ìtàkùn kan kò ní bọ́ǹbù lẹ́yìn, ẹni ẹ̀yìn á máa wo ẹ̀yìn. Ọparun pọ̀ nínú igbó náà, ó sì máa ń ró ṣáká bí ẹsẹ̀ bá tẹ èyí tó gbẹ. Tí wọ́n bá dúró níbì kan ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kòtò gbígbẹ́, kí wọ́n tó ronú nípa oúnjẹ. Wọ́n á tún wọ inú kòtò náà ní àṣálẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti ìdájí, àwọn kan á sì máa ṣọ́nà títí di òwúrọ̀. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, òjò máa ń rọ̀ lójoojúmọ́ ní Arakan, kòtò á kún, aṣọ kò sì ní gbẹ.

Àìsàn pa ènìyàn tàbí sọ wọ́n di aláìlera ju ìbọn lọ ní Bọ́mà. Ibà ni olórí wọn, ìgbẹ́ ọ̀rìn tẹ̀lé e. Oògùn mepacrine, tó pọ́n rúsúrúsú tó sì korò, di ohun tí gbogbo ṣọ́jà ń gbé mì lójú ọ̀gá rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí àwọn ọ̀gá àgbà ti rí i pé ibà lè ṣẹ́gun kí Jàpáànì tó dé. Ọgbẹ́ ìbọn tó bá ṣẹ́ egungun léwu gidigidi nínú igbó, nítorí ẹ̀dá ènìyàn ló ní láti gbé onítọ̀hún lórí àga ọparun dé ibi tí ọkọ̀ òfuurufú kékeré lè balẹ̀ sí.

Bàtálíọ̀nù mẹ́ta mìíràn láti Nàìjíríà, ìyẹn ìkẹfà, ìkeje àti ìkejìlá, lọ bá ẹgbẹ́ Chindit tí ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì Orde Wingate dá sílẹ̀. Àwọn nìkan ni ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ láti Áfíríkà nínú ẹgbẹ́ náà. Ní 1944, ọkọ̀ òfuurufú kó wọn lọ balẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀tá, jìnnà sí ààlà Íńdíà, wọ́n sì jà fún oṣù púpọ̀ ní White City àti ní agbègbè Mogaung, tí ìrànlọ́wọ́ ojú ilẹ̀ kankan kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Wingate fúnra rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà náà jáde, ọ̀pọ̀ wọn ti gbẹ bí igi.

Ìwé tí ọmọ Yorùbá tí kì í ṣe ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa Bọ́mà kò pọ̀ rárá. Ọ̀kan tó ṣe kedere jù lọ nínú wọn ni ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ ọsibítù ni wọ́n fi í sí, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni òun àti ẹlẹ́sẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942, láì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1944, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà létí odò Kaladan nígbà tí àwọn ará Jàpáànì ṣí ìbọn arọ̀jò-ọta lé wọn lórí. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀, òmíràn bà á níkùn. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kú síbẹ̀. David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, fara gbọta pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ṣì lè rìn, kò sì fi Isaac sílẹ̀ lọ.

Àwọn ará abúlé ni kò jẹ́ kí wọ́n kú. Ẹni tó ṣe jù nínú wọn ni àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman. Ó gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀, ó sì pín oúnjẹ ọmọ rẹ̀ fún wọn. Ó mọ̀ pé bí Jàpáànì bá rí wọn níbẹ̀, gbogbo ilé ni yóò kú. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tún padà wọ àfonífojì náà, àwọn ṣọ́jà Gurkha rí wọn. Ìjọba ti kọ Isaac sílẹ̀ pé ó sọnù sójú ogun. Ó padà dé Èmùré-Ilé ní 1945, ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, ó sì ń tiro títí ayé rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí tó fi fẹ̀yìntì, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1999. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó wá ìdílé Shuyiman rí, ó sì kà á sí wọn létí. Shuyiman ti kú nígbà náà. Fadoyebo náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò sí àmì ẹ̀yẹ tí ìjọba kankan fún àgbẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣe tó ti akọni èyíkéyìí nínú ogun náà.

Ní ìparí 1944, Dìfíṣọ̀n 81 tún wọ Kaladan, Dìfíṣọ̀n 82 sì gba Buthidaung kọjá lọ dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n gba Myohaung, olú-ìlú àtijọ́ àwọn ọba Arakan, ní oṣù kìíní ọdún 1945. Dìfíṣọ̀n 82 ń lé Jàpáànì lọ sí gúúsù títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Jàpáànì túúbá ní oṣù kẹjọ ọdún náà.

Nínú gbogbo èyí, ìdọ́gba kò sí. Owó oṣù ṣọ́jà adúláwọ̀ kéré gidi sí ti òyìnbó tó dùbúlẹ̀ sínú kòtò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Sájẹ́ǹtì òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìlú Ọba ń pàṣẹ fún ẹni tó ti jà ní Etiópíà. Seth Anthony, ọmọ Gold Coast, ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 1942. Nàìjíríà kò ní tirẹ̀ títí di 1948, nígbà tí Louis Ugboma gba oyè náà. Ẹnu ogun ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta nígbà yẹn.

Ìpadàbọ̀ kò yá. Ọkọ̀ òkun kò tó, ọ̀pọ̀ ṣọ́jà sì dúró ní Íńdíà títí wọ 1946. Àwọn kan ti kọ́ ìwé kíkà nínú iṣẹ́ ológun, wọ́n ti rí àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń béèrè òmìnira láìbẹ̀rù, wọ́n sì ti rí òyìnbó tí ẹ̀rù ń bà. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Nígbà tí wọ́n délé, ìjọba fún wọn ní owó ìdágbére àti ìwé ìdáṣẹ́sílẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù kò sí fún ẹni tó wọṣẹ́ nítorí ogun nìkan, àfi ẹni tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí kò tó. Ẹni tó mọ ọkọ̀ wíwà lè rí nǹkan ṣe nílùú ńlá, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀, tó jẹ́ pé ìbọn yíyìn àti kòtò gbígbẹ́ ló kọ́, oko ló padà sí. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí wọ́n ń mú ẹ̀bẹ̀ wọn lọ bá gómìnà, mẹ́ta nínú wọn sì kú. Rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé e wà lára ohun tó mú òmìnira Ghana yá.

Nínú ilé, ajagunfẹ̀yìntì kì í sábà sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé bàbá ti lọ sí Bọ́mà, ó mọ àmì ẹ̀yẹ onírìbọ́ọ̀nù tó wà nínú àpótí, ó sì lè mọ ọ̀rọ̀ Haúsá mélòó kan tí bàbá máa ń fi báni wí. Ohun tó rí níbẹ̀, bàbá mú un lọ sí ibojì. Òǹkọ̀wé Bíyì Bándélé, tí bàbá tirẹ̀ jà ní Bọ́mà, gbé ìtàn náà sínú ìwé ìtàn àròsọ Burma Boy ní 2007. Ìwé náà mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ogun yẹn kan ìran wọn.

Ìrántí tí ìjọba ṣe ò kọjá ìwọ̀nba. Ère ṣọ́jà tó wà ní Ìdúmọ̀tà ní Èkó tẹ́lẹ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà. Ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, tó jẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá láyé Gẹ̀ẹ́sì, di ọjọ́ 15 oṣù kìíní lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Yangon, wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ ogun tó sún mọ́ 27,000 tí kò ní ibojì sára àwọn òpó òkúta, orúkọ ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Commonwealth War Graves Commission ló ń tọ́jú ibẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè wá orúkọ nínú àkọsílẹ̀ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Àwọn fáìlì Ẹkùn Ìlọrin ayé Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀rọ̀ àwọn ìlú Ìbọ̀lọ́ wà nínú wọn, wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Kàdúná.

Èyí tí kò sí ní Kàdúná tàbí Taukkyan ni ohun tó wà nínú àpótí àwọn ìdílé ní Ìlémọnà, Ọ̀fà, Èrìn-Ilé àti àwọn ìlú tó yí wọn ká: ìwé ìdáṣẹ́sílẹ̀, àmì ẹ̀yẹ, fọ́tò tí wọ́n yà ní Íńdíà, orúkọ àwọn tó lọ tí wọn kò bọ̀. Ẹbí tó bá ní irú rẹ̀ kó má sun ún, kó má sì tà á fún ẹni tó ń ra àlòkù irin. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà ṣọ́jà àti ọdún tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ààfin ìlú tàbí ilé ìkàwé tó sún mọ́ yín kí ikán tó jẹ ẹ́.